Ilé Tí Níyì Yà fún Àwọn Ejò Rẹ̀

Ọjọ́ Ajé, 19 oṣù Karùn-ún

Rilwan gbé wọn dé lónìí, nínú rọ́bà ńlá méjì onídèérí, irú èyí tí à ń kó ìrẹsì sí. Ó gun àtẹ̀gùn bí ẹni tó ru ẹyin, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Lánlọ́ọ̀dù rẹ̀ ní Jíbówú ti rí wọn, ó sì ti fún un ní ọjọ́ mẹ́ta péré.

"Mọ́mì, tẹ́ ò bá gbà wọ́n, bàbá kan wà ní Ìjọra tó fẹ́ rà wọ́n. Mi ò ṣáà mọ nǹkan tó fẹ́ fi wọ́n ṣe."

Èmi mọ̀ ọ́n. Ata rodo àti àlùbọ́sà ló fẹ́ fi wọ́n ṣe.

Mo ní kó gbé wọn wọlé. Yàrá Níyì ọmọ mi la kó wọn sí, níbi tí àpótí aṣọ rẹ̀ àti àwọn ìwé rẹ̀ wà láti ọjọ́ tí a ti kó ẹrù rẹ̀ kúrò ní Yábàá. Oṣù mẹ́wàá ni Rilwan fi bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ti kú tọ́jú ejò, kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Ọlọ́run á san án fún un.

Èyí tó tóbi, abo ni. Sísí ni Níyì sọ ọ́. Akọ ni èkejì, Kóńdọ́. Mọ̀nàmọ́ná ni àwọn méjèèjì, wọn ò ní oró, ẹ̀rù ló máa ń bà wọ́n tí wọ́n á fi ká ara wọn jọ bíi bọ́ọ̀lù. Bẹ́ẹ̀ ni Rilwan wí. Èmi Adéwùnmí, nọ́ọ̀sì, ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta, tí mo máa ń pariwo tí mo bá rí aláǹgbá ní balùwẹ̀!

Mo ṣí rọ́bà Sísí wò nígbà tí Rilwan lọ tán. Péépà ni wọ́n tẹ́ sísàlẹ̀ ẹ̀, abọ́ omi kan, àpótí kékeré kan tó máa ń sá sí, ó parí. Gbogbo ẹ̀ mọ́ tónítóní. Bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ni mo rí. Mo yára dé e padà.

Ọjọ́rú, 21

Sísí yọ ahọ́n sí mi. Èmi náà yọ tèmi sí i.

Àbámẹ́ta, 24

Rilwan wá kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń jẹun. Eku funfun méjì, 2,500 náírà ọ̀kọ̀ọ̀kan. Eku o! Ó fi ẹ̀mú gígùn di ọ̀kan mú ní ìrù, ó ń mì í níwájú Sísí. Sísí wò ó, ó tún wò ó, àfi fàù! Mo ké débi pé Saidat ìsàlẹ̀ béèrè láti ojú fèrèsé bóyá kò sí nǹkan. Mo ní kò sí. Kóńdọ́ náà jẹ tirẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni mo mú ìwé Níyì jáde. Mo ti rí àwòrán yẹn látọjọ́ pípẹ́, mi ò kàn mọ ohun tó wà fún. Ó ya àpótí gíláàsì kan, ó sì kọ nǹkan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè: òkúta wẹ́wẹ́, èédú, nẹ́ẹ̀tì, iyẹ̀pẹ̀, ewé gbígbẹ. Ekòló àti kòkòrò kéékèèké tí yóò máa jẹ ìgbẹ́ ejò. Ìtàkùn tó máa rá káàkiri. Èèpo igi tí ejò máa wọ abẹ́ rẹ̀. Lókè pátápátá ó fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́: ILÉ GIDI.

Rilwan rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ sì pọ́n. "Mọ́mì, a jà lórí nǹkan yìí títí. Níyì ní ejò inú rọ́bà kàn ń mí ni, kò gbé ayé. Èmi ní kí ló kan ejò nínú ayé? Inú rọ́bà, tó bá yàgbẹ́, ẹ rí i. Tó bá ń ṣàìsàn, ẹ rí i. Inú ewé yẹn, ó lè máa kú lọ, kẹ́ ẹ máa rò pé ó ń sùn."

Mo ní, "Ìwọ lo mọ tìẹ. Ohun tí ọmọ mi fẹ́ nìyí."

Ta ló fẹ́ bá abiyamọ tó ṣòfò jiyàn?

Mo ti pinnu. Kóńdọ́ á kọ́kọ́ wọ ilé Níyì, torí òun ló kéré. Tó bá gbà á, Sísí á tẹ̀lé e. Méjèèjì ò ní dàgbà sórí péépà lójú mi. Orí péépà ni ọmọ mi wà ní ọsibítù títí tó fi lọ, bẹ́ẹ̀dì kẹfà, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé.

Ìṣẹ́gun, 27

Saidat ti gbọ́. Ó gòkè wá, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò jẹ́ wọlé.

"Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ṣé òótọ́ ni pé ẹ kó ejò wálé?"

Àǹtí Nọ́ọ̀sì. Láti oṣù Keje èṣí, kò sẹ́ni tó pè mí ní Ìyá Níyì mọ́ nínú ilé yìí. Wọ́n rò pé àánú ni wọ́n ń ṣe mí.

Mo ní òótọ́ ni. Ó ní òun ní ọmọ ọwọ́, òun fẹ́ ra káńfọ̀ sẹ́nu ọ̀nà òun, torí ejò kì í fẹ́ gbóòórùn ẹ̀ rárá. Mo rẹ́rìn-ín. Mo wọlé lọ mú páálí káńfọ̀ tó ṣẹ́ kù nígbà tí mo ń di ẹrù Níyì, mo ní, "Gbà, má náwó." Òun náà rẹ́rìn-ín, ó kí mi títí. Ó ti tò wọ́n sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ báyìí bí ẹni to ìlẹ̀kẹ̀.

Àbámẹ́ta, 31

Oní-gíláàsì gbé e dé. 85,000 náírà. Owó ilẹ̀kùn balùwẹ̀ nìyẹn, kí ilẹ̀kùn náà ṣì máa fi okùn dúró.

Wàhálà iyẹ̀pẹ̀ ni mi ò rò tẹ́lẹ̀. Nínú gbogbo Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó yìí, níbo lènìyàn ti fẹ́ bu iyẹ̀pẹ̀? Kọnkéré nínú ọgbà, kọnkéré lójú títì, ìdọ̀tí ló kún ìyókù. Ọwọ́ àwọn tó ń ta òdòdó létí ọ̀nà ni mo ti ra àpò mẹ́ta. Mo délé, mo tú u, èèrà! Mo bá gbé ìkòkò ìrẹsì ọdún Kérésì ka iná, mo bẹ̀rẹ̀ sí í yan iyẹ̀pẹ̀ bí ẹni ń yan gàrí.

Saidat kọjá. "Àǹtí Nọ́ọ̀sì, kí lẹ̀ ń sè tó ń rùn báyìí?"

"Iyẹ̀pẹ̀."

"Ẹ̀n?"

"Iyẹ̀pẹ̀ ni mo ní."

Ó gbọ́wọ́ láyà, ó bá tiẹ̀ lọ. Ó dájú pé wọ́n ti ń sọ ọ́ nísàlẹ̀ pé orí nọ́ọ̀sì òkè ti dàrú. Bóyá irọ́ kọ́.

Ọjọ́bọ̀, 5 oṣù Kẹfà

Òjò láti àárọ̀. Wọ́n mú iná lọ láago méje, wọn ò tíì mú un dé.

Bọ̀dá Ọládèjì yà wò mí. Àbúrò bàbá Níyì ni. Bàbá Níyì ti kú láti 2009, nítorí náà òun ló sin ọmọ mi, òun pẹ̀lú ọkùnrin mẹ́ta láti ṣọ́ọ̀ṣì. Wọn ò jẹ́ kí n tẹ̀ lé wọn. Ìyá kì í rí sàréè ọmọ. Mo mọ̀. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo fi ń sọ ọ́ fún àwọn ìyá ní wọ́ọ̀dù, tí mo máa ń di ọwọ́ wọn mú gírígírí, pé ẹ jókòó, ẹ má lọ, wọn kì í lọ. Èmi ò mọ ohun tí mò ń sọ.

Mo tún bi í. "Bọ̀dá, níbo ni?"

"Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀."

"Àdúgbò lásán ni mo ní kẹ́ ẹ sọ. Ṣé Yábàá ni? Ṣé Ìkòyí ni?"

"Ìyàwó wa, wọn kì í sọ ọ́ fún ìyá. Ẹ má jẹ́ ká pe ibi lé ibi."

Mò ń gbin ìtàkùn lọ́wọ́ nígbà tó wọlé, iyẹ̀pẹ̀ ti kún gíláàsì náà dé ìdajì. Ó wò ó. Ó wo ọwọ́ mi tó dúdú fún iyẹ̀pẹ̀. Ó mu omi rẹ̀ tán, ó dìde. Ìgbà tó lọ ni mo wá rí ohun tó rí. Ó gùn, ó fẹ̀ mọ níwọ̀n, iyẹ̀pẹ̀ ló wà nínú ẹ̀. Wọn ò jẹ́ kí n mọ ibi tí ọmọ mi wà, mo wá ń gbẹ́ sàréè tirẹ̀ sínú ilé.

Mi ò dá a dúró ṣá. Mo gbin ìtàkùn méjì sí i.

Àìkú, 8

Mo gbé Kóńdọ́ wọlé tuntun lẹ́yìn ìsìn. Ó dúró lójú kan fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ahọ́n rẹ̀ ń ṣe wéréwéré. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Mi ò tíì rí i kó rìn rí. Inú rọ́bà, kò sí ibi tó fẹ́ rìn dé. Ó gba abẹ́ ewé gbígbẹ, ó gun èèpo igi, ó sọ̀ kalẹ̀, ó fi imú kan gbogbo nǹkan bí ẹni tó wá wo ilé tó fẹ́ rẹ́ǹtì. Ó wọ abẹ́ èèpo igi, mi ò rí i mọ́.

Mo jókòó sórí àpótí Níyì, mo sunkún dáadáa. Ẹkún ayọ̀ díẹ̀ wà nínú ẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 12

Mi ò rí Kóńdọ́ láti ọjọ́ Ajé. Rilwan ní bẹ́ẹ̀ ló ṣe yẹ kó rí.

Àbámẹ́ta, 14

Ẹgbẹ́ obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wá gbàdúrà fún mi torí ìrántí ọdún kan Níyì tó ń bọ̀. Sísítà Margaret lóun ń wá ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó lọ ṣí yàrá tí kò yẹ kó ṣí. Ẹsẹ̀ bàtà rẹ̀ kan ṣì wà lọ́dọ̀ mi.

Kóńdọ́ kọ eku. Sísí jẹ tirẹ̀.

Ọjọ́rú, 18

Ó tún kọ ọ́. Mo pe Rilwan. Ó ní, "Mọ́mì, ilé tuntun ni, ojú ń tì í ni. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ má tú u wò, ẹ má fọwọ́ kàn án."

Fi í sílẹ̀. Gbólóhùn yẹn ni mo gbọ́ lẹ́nu Níyì náà. "Mọ́mì, ẹ fi mí sílẹ̀, mo wà dáadáa." Mo fi í sílẹ̀. Ẹ wo ibi tó bá mi dé.

Mo rántí pé Rilwan sọ ọ́ nígbà kan pé tí Níyì bá ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, inú ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ni Kóńdọ́ máa ń wà, tí á máa yọ orí lọ́rùn aṣọ. Ṣẹ́ẹ̀tì búlúù yẹn. Mo tú àpótí, mo rí i nísàlẹ̀ pátápátá. Mo kọ́kọ́ fi bojú, mo mí sí i títí. Òórùn rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Mo ká a kékeré, mo tì í sábẹ́ èèpo igi níbi tí Kóńdọ́ ká jọ sí. Mo ní, "Òun nìyẹn. Jẹun."

Mo dé gíláàsì náà pa dáadáa kí ọ̀rinrin má baà jáde, bí Níyì ṣe kọ ọ́.

Ẹtì, 20

Kóńdọ́ ti jáde! Gbogbo àárọ̀ ló ń rìn, ó ń gun ara gíláàsì, ó ń fi imú ti ìdérí. Ṣé mi ò wí? Ṣẹ́ẹ̀tì náà ló jí i. Mo kọrin lọ síbi iṣẹ́. Dókítà wa ní ọsibítù Mushin bi mí bóyá mo jẹ tẹ́tẹ́.

Àbámẹ́ta, 21

Ó gbé orí sókè bí ẹni ń wo àjà, kò sì gbé e wálẹ̀ mọ́. Ẹnu rẹ̀ ń là díẹ̀díẹ̀. Ara mi ò lélẹ̀. Tó bá jẹ́ ènìyàn ni, mo mọ dókítà tí màá sáré pè. Rilwan ò gbé fóònù, ó wà níbi ìgbéyàwó ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Mo fún un lómi. Mo tún dé e pa.

Àìkú, 22

Kóńdọ́ kú. Mo bá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ omi, ikùn ló dojú sókè. Mo ti fọwọ́ kan òkú tó pọ̀, mi ò sì lè tan ara mi jẹ.

Mi ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Iyẹ̀pẹ̀ ọ̀hún ló pa á. Mi ò yan án dénú, nǹkan kan wà nínú ẹ̀. Rilwan sọ ọ́. Ó ní á máa kú lọ, kí n máa rò pé ó ń sùn.

Ọjọ́ Ajé, 23

Mo ti to àpò sílẹ̀ láti kó iyẹ̀pẹ̀ náà dànù nígbà tí Rilwan dé. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ gíláàsì, ó ṣí i, ó sì fa orí sẹ́yìn.

"Mọ́mì, kí ni mò ń gbóòórùn yìí?"

"Òórùn kí ni?"

"Ẹ ò gbóòórùn ẹ̀?"

Ó gbé èèpo igi kúrò. Ó fi ìka méjì fa ṣẹ́ẹ̀tì jáde. Ó mọ̀ ọ́n, mo rí i lójú rẹ̀ pé ó mọ̀ ọ́n. Ó gbé e súnmọ́ imú, ó rọra gbé e sílẹ̀.

"Mọ́mì. Káńfọ̀ ni."

Ilẹ̀ ò lanu. Ó yẹ kó lanu.

Ta ni kò mọ̀ pé káńfọ̀ ni wọ́n fi ń lé ejò? Saidat mọ̀ ọ́n. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi bù ú fún un, tí mo ń rẹ́rìn-ín. Oṣù mọ́kànlá ni ṣẹ́ẹ̀tì yẹn fi wà láàárín káńfọ̀ nínú àpótí. Ó ti mọ́ imú mi lára débi pé mo ń pè é ní òórùn Níyì. Mo tì í mọ́ ejò lára, mo sì dé e pa. Ìgbà tó ń gun ara gíláàsì, tí mò ń kọrin, ọ̀nà àbáyọ ló ń wá.

Kì í ṣe iyẹ̀pẹ̀. Kì í ṣe ìtàkùn. Ilé tí Níyì yà kò ní ẹ̀ṣẹ̀ kankan lọ́rùn.

Rilwan ní, "Mọ́mì, ẹ ò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é."

Mo ní kó máa lọ sílé, kí ọ̀nà tó há. Kò lọ. Ó lọ fọ gbogbo abọ́ tó wà nílé ìdáná.

Ìṣẹ́gun, 24

Rilwan fẹ́ gbé e lọ sin fún mi. Mo ní rárá o. Èyí, èmi ni màá sin ín. Inú rọ́bà pénti tí mo gbin ewúro sí lẹ́yìn ilé ni mo gbẹ́, mo fi ṣíbí ọbẹ̀ gbẹ́ ẹ. Mo ká Kóńdọ́ jọ bó ṣe máa ń ká ara rẹ̀. Ó kéré tán, èyí mo mọ ibi tó wà.

Ẹtì, 27

Sísí ń dún. Mo kọ́kọ́ rò pé fèrèsé ni. Mo gbé etí mọ́ rọ́bà: èémí rẹ̀ ń dún fín-ín, fín-ín, bíi ti ọmọdé tó ní ikọ́ fée. Mo ṣí i, itọ́ ń hó lẹ́bàá ẹnu rẹ̀. Kò sí ewé tó bò ó, kò sí ibi tó lè fi pamọ́ sí. Mo rí i lójú kan náà.

Mo gbé e tààrà lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko ní Yábàá, mo gbé rọ́bà lé itan nínú kẹ̀kẹ́ Màrúwá. Awakọ̀ béèrè ohun tó wà nínú ẹ̀. Mo ní oúnjẹ ni.

Dókítà ní àìsàn ẹ̀dọ̀fóró ni. Abẹ́rẹ́ ní ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Ó ní kí n fi í sórí péépà, kí n máa wo ẹnu rẹ̀ láràárọ̀ àti lálaalẹ́. Ó bi mí irú yàrá tó wà. Mo ṣàlàyé. Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀.

"Mọ́mì, ejò yẹn wà nínú yàrá kan náà pẹ̀lú àpótí káńfọ̀ láti oṣù tó kọjá?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà.

"Ẹ kó gbogbo ẹ̀ jáde nínú ilé. Gbogbo aṣọ. Tẹ́ ò bá lè kó o jáde, ẹ fọ̀ ọ́ títí òórùn ẹ̀ á fi lọ. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ má wulẹ̀ náwó abẹ́rẹ́."

Àbámẹ́ta, 28

Mo fọ̀ ọ́.

Ṣẹ́ẹ̀tì mẹ́rìnlá, ṣòkòtò mẹ́sàn-án, bùbá àti ṣòkòtò funfun tó wọ̀ níbi ìkẹ́kọ̀ọ́jáde rẹ̀, ìbọ̀sẹ̀, fìlà. Oṣù mọ́kànlá ni mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn wọ́n. Omi mẹ́ta ni mo fi ṣan ọ̀kọ̀ọ̀kan. Òjò fẹ́ rọ̀, ó yí padà, oòrùn jáde. Saidat bá mi sá wọn láìbéèrè nǹkan kan, ó sì lọ kó gbogbo káńfọ̀ ẹnu ọ̀nà rẹ̀ dànù. Èmi ò ní kó ṣe é.

Nírọ̀lẹ́ mo gbé kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì búlúù sí imú. Ọṣẹ. Ọṣẹ lásán.

Sísí ń dún síbẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 30

Abẹ́rẹ́ kejì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo wọn oògùn rẹ̀ kí n tó gún un, èmi tí mo ń gún ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ láìmikàn!

Ọjọ́rú, 2 oṣù Keje

Mo gbé rọ́bà Sísí wá sí yàrá tèmi. Mo ń ṣí i wò ní ààbọ̀ wákàtí, ààbọ̀ wákàtí. Mo ya káàdì fún un bíi ti wọ́ọ̀dù: aago, èémí, itọ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí n sinmi. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Níyì nígbà tí kíndìnrín rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Yàrá rẹ̀ ní Yábàá dùn ún wò, òdòdó lójú fèrèsé, kọ́tìnì tó nípọn, iná kékeré aláwọ̀ ìyeyè. Tí mo bá lọ, á jókòó síbi tí iná ò dé. Ojú rẹ̀ ń wú, ó ní oorun ni. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú, ó ń wọ ìbọ̀sẹ̀. Mo bá a jẹun nínú yàrá yẹn, mo yìn ín pé ó mọ ilé tọ́jú. Nọ́ọ̀sì ni mí! Oṣù mẹ́ta gbáko ló fi pamọ́ fún mi sínú ibi tó dára. Ìgbà tó fi máa dé orí péépà, níbi tí mo ti lè rí i, kò sí ohun tí mo lè ṣe mọ́.

Bẹ́ẹ̀dì yẹn ni mo ti ń bínú sí látọjọ́ yìí. Bẹ́ẹ̀dì kọ́.

Àìkú, 6

Itọ́ ti dín. Fín-ín ṣì wà, ṣùgbọ́n àfi tí mo bá gbé etí mọ́ ọn pẹ́kípẹ́kí. Abẹ́rẹ́ ku ẹyọ kan.

Ọjọ́bọ̀, 10

Sísí jẹun! Eku kékeré kan. Ó gbé e fàù, mi ò ké. Mo wò ó títí tó fi gbé ìrù rẹ̀ mì, mo sì pe Rilwan, mi ò lè sọ̀rọ̀. Ó ń pariwo lórí fóònù, "Mọ́mì! Mọ́mì, kí ló ṣẹlẹ̀? Ṣé òun náà ti lọ?" Mo ní, "Ó jẹun."

Ó yà wá nírọ̀lẹ́. A dúró níwájú gíláàsì Níyì. Mi ò dé ibẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, ìtàkùn ti bò ó, ó tutù yọ̀yọ̀, ekòló ti la ọ̀nà sára gíláàsì. Ilé gidi lóòótọ́. Òórùn òjò ló ń rùn.

Rilwan ní, "Mọ́mì, èmi tí mo ń jiyàn, mo gbà báyìí. Ó dáa. Tó bá ti lókun, ẹ lè gbé e síbẹ̀. Ó kù sọ́wọ́ yín."

Mo ní màá rò ó.

Àìkú, 13

Ó pé ọdún kan lónìí.

Bọ̀dá Ọládèjì dé láago mẹ́jọ, ó gbé mọ́tò wá. Kò jókòó. Ó bọ́ fìlà.

"Ìyá Níyì."

Mo rò pé ẹlòmíì ló ń pè.

"Ìyá Níyì, mo ti rò ó. Ẹkún yín ò jẹ́ kí n sùn. Ẹ wọ bàtà, ẹ jẹ́ ká lọ. Ohun tí wọ́n bá fẹ́ wí, kí wọ́n wí i."

Mo wọ bàtà. Mo mú báàgì. Mo dé ẹnu ilẹ̀kùn, mo di ara ilẹ̀kùn mú.

"Bọ̀dá, tí mo bá rí i, ta ló máa fà mí kúrò níbẹ̀?"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká fìlà lọ́wọ́.

Mo bọ́ bàtà. Mo mú un wọ yàrá Níyì, mo fi gíláàsì hàn án. Mo ní kó bá mi kó iyẹ̀pẹ̀ inú ẹ̀ lọ síbi tí Níyì wà. Ó ká ọwọ́ aṣọ funfun rẹ̀, àwa méjèèjì fi abọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bu iyẹ̀pẹ̀ sínú àpò. Mo fa ìtàkùn tu pẹ̀lú gbòǹgbò, mo fi ọ̀rá tútù wé e. Ó rí ekòló, ó fẹ́ yọ ọ́.

"Ẹ má yọ ọ́. Iṣẹ́ wà tó fẹ́ ṣe níbẹ̀."

Àpò mẹ́ta ló kún. Ó gbé wọn sọ̀ kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kò jẹ́ kí n bá a gbé e. Saidat ṣílẹ̀kùn fún un. Ó padà gòkè wá dágbére, iyẹ̀pẹ̀ wà ní gbogbo àyà aṣọ rẹ̀.

"Tí mo bá dà á síbẹ̀ tán, kí ni kí n sọ fún un?"

"Ẹ sọ pé ilé ẹ̀ ni. Òun ló yà á."

Ó lọ. Mo gbọ́ tí mọ́tò ṣí, mi ò yọjú wo ọ̀nà tó yà sí.

Mo nu gíláàsì náà, mo gbé e ti ògiri. Mo wọ yàrá mi, mo pààrọ̀ péépà Sísí, mo fún un lómi. Ó nà gbọọrọ, gbogbo ara rẹ̀ látorí dé ìrù. Mi ò dé e. Ó ń mí, mo ń rí i.